Ohun Tí Ojú Mi Rí Nídìí Tẹlifíṣọ̀n Olówó Pọ́ọ́kú fún Yàrá Ìyá Mi

Ilé ìtajà kọ́ ni a ti ń wo tẹlifíṣọ̀n yàrá, orí ibùsùn ni. Ọ̀rọ̀ yìí dà bí ohun tí ọmọdé pàápàá mọ̀, ṣùgbọ́n owó ni mo fi kọ́ ọ, mo sì ń rí àwọn ẹlòmíràn tí wọ́n ń san irú owó bẹ́ẹ̀ ní ọjà Ògúnpa àti ti Dùgbẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ìrírí mi sílẹ̀, kí ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò pọ̀ má baà ra ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024 ni ìyá mi ṣubú ní ilé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí wọn sì kán. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, a gbé wọn wá sí ilé wa ní Ìbàdàn, a sì tẹ́ wọn sí yàrá tó kángun sí pálọ̀. Obìnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ nájà wá di ẹni tó ń ka pákó àjà. Wọn a máa gbọ́ ohùn tẹlifíṣọ̀n pálọ̀ láti ẹ̀yìn ògiri, bí a bá sì ń rẹ́rìn-ín, wọn a ké pè wá pé, “Kí ni wọ́n ṣe níbẹ̀?” A ó sì máa sáré wọlé lọ ṣàlàyé. Kò pẹ́ tí gbogbo wa fi rí i pé àlàyé kò tó. Owó ilé ìwòsàn ti gbọn àpò wa gbẹ, nítorí náà kì í ṣe tẹlifíṣọ̀n tó dára jù lọ ni mo ń wá lọ sí ọjà, bí kò ṣe èyí tí ohun tó ṣẹ́kù lápò lè rà.

Ìmọ́lẹ̀ ni ohun àkọ́kọ́ tó ń tan ènìyàn jẹ ní ilé ìtajà. Àwọn ọlọ́jà a ti gbé ìmọ́lẹ̀ tẹlifíṣọ̀n náà lọ sí òkè pátápátá, wọn a sì ki fíláàṣì bọ ìdí rẹ̀, èyí tí àwòrán òdòdó, ẹyẹ aláràbarà àti omi òkun wà lórí rẹ̀, irú àwòrán tí wọ́n dìídì yà láti fi ta tẹlifíṣọ̀n. Ìwọ oníbàárà yóò wà lóròó níwájú rẹ̀, ojú rẹ yóò sì ṣe déédéé pẹ̀lú àárín rẹ̀. Nínú nǹkan mẹ́ta yìí, kò sí ìkankan tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá. Nínú yàrá, ènìyàn yóò dùbúlẹ̀ ni, iná yóò ti kú tàbí kó rọlẹ̀, àwòrán tó ń wọlé yóò sì jẹ́ ti dìkódà tó ti pẹ́ nílé.

Tòkunbọ̀ oníwọ̀n íǹṣì 24 ni mo kọ́kọ́ rà. Ó mọ́ tónítóní, àwòrán rẹ̀ ń dán, ẹni tó tà á sì sọ fún mi pé, “Ọ̀gá mi, plasma tó dáa ni o.” Mo gbé e délé tayọ̀tayọ̀. Nítorí pé mo ń ṣọ́ kí ọ̀pá ìtìlẹ̀ tí màmá fi ń kọ́ ìrìn má baà kọlù ú, mo ní kí káfíńtà gbé e kọ́ sókè ògiri tó dojú kọ ibùsùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá òkè ilẹ̀kùn dọ́gba.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, fíìmù Yorùbá kan ń lọ lọ́wọ́, màmá sì wò ó títí, wọ́n ní, “Àkànní, ṣé òru ni gbogbo àwọn ènìyàn yìí fi ń rìn ni?” Èmi tí mo wà ní ìdúró ń wo àwòrán tó mọ́ kedere, oòrùn sì ń ràn nínú fíìmù náà. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé ojú wọn ni. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ ojú rí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ronú iye tí awò tuntun yóò jẹ́ lórí gbèsè tó wà nílẹ̀. Láti ọjọ́ náà, màmá kò ṣàròyé mọ́. Wọ́n ń dojú kọ tẹlifíṣọ̀n náà, wọ́n sì ń sọ pé ó dára. Ó di ìgbà tí mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí ibùsùn lálẹ́ ọjọ́ kan kí n tó rí ohun tí wọ́n ń rí: eyín àwọn òṣèré dúdú, ojú wọn rí bíi fọ́tò tí wọn kò tíì fọ̀, aṣọ funfun sì di eérú. Ìyá mi ti ń fara dà á kí ọkàn mi má baà bàjẹ́. Ó dùn mí ju owó tí mo ná lọ.

Ẹnjiníà tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní àdúgbò wa kò sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tó dé. Ó sọ ọ́ kalẹ̀ lára ògiri, ó dorí rẹ̀ kodò, ó ní kí n tún dùbúlẹ̀ kí n wò ó bó ṣe gbé e sókè. Àwọn òṣèré ń fi orí rìn, ṣùgbọ́n àwọ̀ wọn ti padà sípò. Ó wá ṣàlàyé pé iná kan wà lẹ́yìn gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ irú èyí, ohun tó wà níwájú iná náà sì ń ṣiṣẹ́ bíi fèrèsé onígíláàsì abala-abala, tó ń ṣí tó sì ń pa dé láti pinnu bí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọjá yóò ṣe pọ̀ tó. Bí o bá wò ó láti iwájú, abala náà wà bó ṣe yẹ. Bí o bá wò ó láti ìsàlẹ̀, ohun tó yẹ kó ṣókùnkùn ni yóò máa mọ́lẹ̀, èyí tó yẹ kó mọ́lẹ̀ yóò sì ṣókùnkùn.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló rí bẹ́ẹ̀, ibí yìí gan-an sì ni ọ̀rọ̀ wà. Oríṣi ojú tẹlifíṣọ̀n mẹ́ta ló wọ́pọ̀ nínú àwọn tí owó wọn kò pọ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní TN ni ó wọ́pọ̀ nínú àwọn kékeré, irú èyí tí mo rà, òun sì ni kò fẹ́ kí a wo òun láti ìsàlẹ̀ rárá. VA ṣókùnkùn dáadáa níbi tó yẹ kó ṣókùnkùn, nítorí náà ó dára nínú yàrá tí iná ti kú, àmọ́ bí o bá kúrò níwájú rẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, àwòrán rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá. IPS ní tirẹ̀ kò bìkítà ibi tí o jókòó sí, ìsàlẹ̀ ni o, ẹ̀gbẹ́ ni o, àwọ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà, àbùkù rẹ̀ kò ju pé dúdú rẹ̀ a máa rí bí eérú nínú òkùnkùn. Bí ó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ṣoṣo ló ń wò ó, tí ibùsùn sì dojú kọ ọ́ gan-an, VA ni mo fara mọ́. Bí àwọn ọmọ bá máa ń jókòó sílẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà wà lórí ibùsùn, IPS ni kí ẹ wá.

Ẹ má wulẹ̀ béèrè lọ́wọ́ ọlọ́jà pé èwo ni. Ọ̀pọ̀ wọn kò mọ̀, kò sì sí lára páálí. Ohun tí mo ṣe nígbà tí mo padà lọ ra òmíràn ni pé mo lóṣòó sílẹ̀ níwájú tẹlifíṣọ̀n nínú ilé ìtajà, mo gbójú sókè bí ẹni tó dùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, mo lọ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Àwọn ọmọ ìṣọ̀ náà fi mí ṣẹ̀rín. Mo ní kí wọ́n yọ fíláàṣì olódòdó wọn, kí wọ́n so dìkódà mọ́ ọn, kí wọ́n sì gbé ìkànnì tí à ń wò nílé sí i. Ẹ̀rín wọn dín kù níbẹ̀, nítorí pé tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n ti ń yìn láti ìgbà tí mo wọlé ni àwòrán rẹ̀ kọ́kọ́ di rúdurùdu.

Kí n tó lọ sí ọjà nígbà kejì, mo ti fi okùn wọn yàrá náà. Íǹṣì tí wọ́n ń pè kì í ṣe ìbú tẹlifíṣọ̀n, láti igun òkè dé igun ìsàlẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kejì ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n. Oníwọ̀n íǹṣì 32 fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 71, ó sì ga tó 40. Láti ìrọ̀rí màmá dé ògiri kò ju mítà méjì ààbọ̀ lọ, níbẹ̀ sì ni mo ti rí i pé 24 kéré fún ojú àgbàlagbà, pé 43 kò sì pọn dandan. Àwòrán dìkódà tí kò mọ́ kedere a tún máa burú sí i bí a bá nà án sórí ojú tó tóbi. Àwọn ọlọ́jà yóò sọ fún yín pé Full HD, tí àmì inú àwòrán rẹ̀ pọ̀ ju ti HD lásán lọ, nìkan ló dára. Fún íǹṣì 32 tí ènìyàn ń wò láti ọ̀nà tó jìn tó tiwa, HD lásán, tí àmì kéékèèké inú àwòrán rẹ̀ jẹ́ 1366 ní ìbú àti 768 ní òró, tó ohun tí ojú lè rí. Ohun tó ṣẹ́kù nínú owó yẹn ni mo fi ra hángà, irin tí a fi ń gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́ sára ògiri, èyí tó ṣeé tẹ̀ síwájú.

Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ọ̀rọ̀ plasma. Ní ọjà wa, gbogbo tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ ni wọ́n ń pè ní plasma, ṣùgbọ́n plasma gidi wà, èyí tí ojú rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ láìsí iná lẹ́yìn, ó ṣì wà nínú àwọn ìṣọ̀ tòkunbọ̀, ó sì máa ń dẹ tálákà wò, torí pé èyí tó jẹ́ íǹṣì 42 lè dínwó ju LED, ìyẹn pẹlẹbẹ oníná ẹ̀yìn tí à ń sọ bọ̀, oníwọ̀n 32 lọ. Àwòrán rẹ̀ dára, n kò ní purọ́ mọ́ ọn, ó sì ṣeé wò láti ibi gbogbo. Àmọ́ láti nǹkan bí ọdún 2014 ni àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń ṣe é ti dáwọ́ rẹ̀ dúró, èyí tó fi hàn pé ohun tí ẹ fẹ́ rà ti ju ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ. Ó tún wúwo, ó ń gbóná nínú yàrá tó ti ń gbóná tẹ́lẹ̀, iná tó sì ń jẹ kọjá àfẹnusọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún, lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kan, ìyẹn iná tí ẹ̀rọ ẹgbẹ̀rún wáàtì ń jẹ ní wákàtí kan, àdúgbò wa sì bọ́ sí i. Mo yí ẹ̀yìn plasma kan wò, mo rí 250 wáàtì lára àlẹ̀mọ́ rẹ̀. Bí màmá bá wò ó fún wákàtí mẹ́fà lójúmọ́, yúnìtì kan ààbọ̀ nìyẹn, ó di 45 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, owó rẹ̀ ní iye ìgbà náà sì lé ní ẹgbàárùn-ún náírà lóṣù. LED oníwọ̀n 32 tó ń jẹ 50 wáàtì yóò lo yúnìtì mẹ́sàn-án péré, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì náírà. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì ìńfátà kan tó jẹ́ 12 fóólùtì àti 100 Ah lè gbé LED náà àti dìkódà fún nǹkan bíi wákàtí méje láìjẹ́ pé a fa bátìrì náà gbẹ, nígbà tí plasma yóò mú un dé wákàtí méjì bóyá. Ẹni tó ń ṣàìsàn kì í fẹ́ gbọ́ ariwo jẹnẹrétọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé.

Ara àlẹ̀mọ́ ẹ̀yìn yìí kan náà ni ẹ óò ti rí fóólùtì. Tòkunbọ̀ tó ti Amẹ́ríkà tàbí Japan wá lè jẹ́ èyí tí wọn kò ṣe fún iná tiwa, tó jẹ́ 230 fóólùtì. Bí wọ́n bá kọ 100–240 sí i, kò sí wàhálà. Bí ó bá jẹ́ 110 tàbí 120 nìkan ni wọ́n kọ, bí ẹ bá fi í sí ojú iná lásán báyìí, èéfín ni ẹ óò rí. Ọlọ́jà lè ní kí ẹ ra ẹ̀rọ tó ń dín iná kù mọ́ ọn. Ẹ fi iye ẹ̀rọ náà kún iye tẹlifíṣọ̀n kí ẹ tó sọ pé ó dínwó.

Ọ̀rọ̀ tẹlifíṣọ̀n tó ń lo íńtánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń pè ní smart, kò gbà mí lákòókò púpọ̀. Àwọn olówó pọ́ọ́kú inú wọn máa ń lọ́ra, torí pé ìrántí inú wọn kéré, òmíràn tó sì ń pe ara rẹ̀ ní Android kò gba àṣẹ Google, nítorí náà àwọn áàpù tí ẹ tìtorí rẹ̀ rà á kò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Tòkunbọ̀ smart tún wà tí YouTube inú rẹ̀ ti kú nítorí pé ó ti pẹ́ jù. Ìròyìn Yorùbá lórí BCOS, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, àti fíìmù ni màmá ń fẹ́, wọn kò fẹ́ ohun tí yóò máa béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà lọ́wọ́ wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá yí padà lọ́la, ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ tẹlifíṣọ̀n di smart wà ní ọjà, ó ń wọ ojú HDMI, ìyẹn ihò tí àwòrán àti ohùn ń gbà wọlé. Kí ihò HDMI méjì ṣáà ti wà lára rẹ̀. Ẹ wo ihò aláwọ̀ ìyeyè, funfun àti pupa náà, bí dìkódà yín bá jẹ́ ti àtijọ́: àwọn tẹlifíṣọ̀n tuntun kan ti sọ ọ́ di ihò kékeré kan ṣoṣo tó ń fẹ́ wáyà tirẹ̀, wáyà náà kì í sì í sábà wà nínú páálí.

Ohùn ló tún fẹ́ dá mi dúró. Sípíkà tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ kéré, ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ni ó sì máa ń kọjú sí, tó fi jẹ́ pé ògiri ló ń kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀. Etí màmá kò fi bẹ́ẹ̀ mú mọ́. Bí a bá gbé ohùn sókè fún wọn, àwọn ọmọ tó ń kàwé nínú yàrá kejì yóò máa bínú, bí a bá sì rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, a padà sí ẹ̀yìn ògiri tí à ń sá fún nìyẹn. Ihò íápíìsì ni mo wá títí, ọ̀pọ̀ tẹlifíṣọ̀n tuntun kò sì ní in mọ́. Mo fi íápíìsì ara fóònù mi dán èyí tí mo padà rà wò nínú ìṣọ̀ kí n tó san kọ́bọ̀. A padà so sípíkà kékeré kan mọ́ ihò náà, a sì gbé e sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ó dùn mọ́ wọn ju tẹlifíṣọ̀n náà gan-an lọ.

Nípa yíyẹ ara rẹ̀ wò, mo ti fi àwòrán funfun gbalasa kan àti dúdú birimù kan sórí fíláàṣì láti ilé. Lórí funfun ni ẹ óò ti rí àmì dúdú tí kò tàn mọ́, àti ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pọ́n tàbí tó dà bí àwọ̀ àlùkò. Bí ẹ bá rí ojú iná róbótó tó mọ́lẹ̀ ju ibòmíràn lọ, gíláàsì kékeré tó bo iná ẹ̀yìn náà ló ti já bọ́ sínú, wọ́n sì lè ṣí i tún un ṣe. Lórí dúdú ni ẹ óò ti rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń jò wọlé láti etí. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nítorí àwọn àìsàn kan kì í yọjú àfi tí ara rẹ̀ bá gbóná. Iná ẹ̀yìn tó kú ṣeé pààrọ̀. Ojú tó sán kò ní oògùn, torí iye òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iye odindi tẹlifíṣọ̀n, bí ẹ bá sì ti gbé e kọjá ẹnu ọ̀nà ìṣọ̀, ọlọ́jà kò mọ̀ yín rí.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà fún ọlọ́kadà tó ní òun yóò gbé e fún mi. Mo wọ takisí Míkírà, mo san owó àwọn tó yẹ kí wọ́n jókòó sẹ́yìn, mo gbé páálí náà ró lóòró, mo sì di í mú. Tẹlifíṣọ̀n kò gbọ́dọ̀ sùn gbalaja nínú ọkọ̀ lórí títì wa yìí. Dírẹ́bà ní kí n gbé e sínú búùtù, mo ní rárá.

Wọ́n tún fẹ́ fi èyí tí wọ́n ń pè ní double glass lọ̀ mí, tí gíláàsì líle wà níwájú rẹ̀. Ó dára ní pálọ̀ tí àwọn ọmọ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Nínú yàrá tí fèrèsé dojú kọ tẹlifíṣọ̀n bíi ti màmá, fèrèsé náà ni ẹ óò máa wò lọ́sàn-án, ìwúwo rẹ̀ sì ń fẹ́ hángà tó lágbára. Nígbà tí ẹ bá ń ra hángà, ẹ wọn àárín ihò mẹ́rin tó wà ní ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n. Tiwa jẹ́ mìlímítà 200 ní ìbú àti 100 ní òró, hángà tí mo ti ní tẹ́lẹ̀ kò sì bá a mu.

A gbé tẹlifíṣọ̀n kejì tí mo rà kọ́ sísàlẹ̀, a sì tẹ ojú rẹ̀ síwájú díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ojú màmá lórí ìrọ̀rí ni ó ń wò. Mo dín ìmọ́lẹ̀ iná ẹ̀yìn rẹ̀ kù sí nǹkan bí ìdajì, èyí tó dára fún ojú lóru, tó ń dín iná kù, tí kì í sì í jẹ́ kí iná náà tètè jó. Mo tún ṣètò rẹ̀ kí ó máa pa ara rẹ̀ lẹ́yìn wákàtí kan, nítorí màmá a máa sùn lọ kí fíìmù tó parí. Wọ́n ń rí aṣọ funfun ní funfun báyìí, wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bu ẹnu àtẹ́ lu ìránṣọ àwọn òṣèré.

Rìmóòtù ló kù. Tòkunbọ̀ kì í sábà wá pẹ̀lú tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà níwájú ìṣọ̀ lè tan tẹlifíṣọ̀n kí ó pa á, kí ó sì máà lè ṣí ibi tí a ti ń dín ìmọ́lẹ̀ kù tàbí tí a ti ń ṣètò àkókò ìpa. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ọlọ́jà fi rìmóòtù tó fẹ́ fún yín ṣí gbogbo rẹ̀ lójú yín, kí ẹ sì gba rìsíìtì tí wọ́n kọ iye ọjọ́ tí ẹ lè fi dá a padà sí. Mo fi tépù dúdú bo gbogbo bọ́tìnnì ti màmá, àfi mẹ́rin. Wọ́n ti ṣí ọ̀kan lára tépù náà fúnra wọn, wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ ohun tí mò ń fi pamọ́.